Ìró Ọkọ́ Ní Òdìkejì Odò

Bàbá Ràímì ará Òkukù ló kọ́kọ́ sọ ìdajì ìtàn yìí fún mi. Ìdajì tó kù, ojú mi ló ṣe é, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ìdajì péré ni mo rí títí di ọjọ́ tí a sin bàbá mi àgbà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn èèyàn ti ń tú ká díẹ̀díẹ̀, Bàbá Ràímì pè mí sí abẹ́ igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Inísà. Wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn síwájú, èyí tó ti wọ́ díẹ̀, wọ́n ní:

"Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, jókòó. Ohun tí o rò pé o mọ̀ nípa bàbá rẹ, etí odò lo dúró sí."

N óò sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ òkú, a kì í mọ bí a ti ń dárò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín mọ ẹni tó lọ.

Jékọ́bù ni orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún wọn, ṣùgbọ́n àwa ọmọ-ọmọ tí à ń gbé ní Ìkìrun, Bàbá Inísà là ń pè wọ́n. Àwọn ló bí ìyá mi. Wọ́n ga, wọ́n sígbọnlẹ̀, ohùn wọn sì dà bí ohùn ẹni tó lè fi ọwọ́ lásán pa ẹkùn. Ẹkùn kọ́ o. Bí aláǹgbá bá já lulẹ̀ láti ara ògiri, Bàbá Inísà á fò sókè. N kò tíì rí ẹni tí ẹ̀rù ń bà tó wọn láyé yìí. Ẹ̀rù àrá ń bà wọ́n. Ẹ̀rù ejò ń bà wọ́n. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì ń bà wọ́n. Ajá tó dákẹ́ tún ń dẹ́rù bà wọ́n ju èyí tó ń gbó lọ, torí wọ́n ní èyí tó ń gbó ti sọ tinú ẹ̀.

Ẹ gbà mí láyè kí n jẹ́wọ́: ó máa ń tì mí lójú. Àwọn ẹgbẹ́ mi nílé ìwé a máa ròyìn bàbá wọn àgbà tó pa ẹfọ̀n, tó bá iwin jìjàkadì. Tèmi kì í lè gba ẹ̀yìn màlúù kọjá.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn kì í sáré jáde. Wọn á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn á wo ojú ọ̀run, wọn á wo ẹsẹ̀ ògiri bóyá èèrà ń kó ẹyin gòkè, wọn á tẹ́tí sí àwọn ẹyẹ ẹ̀gà tó wà lórí ọ̀pẹ iwájú ilé. Bí ẹ̀gà bá ń pariwo, ọkàn wọn á balẹ̀. Bí ẹ̀gà bá dákẹ́ lójijì, ẹsẹ̀ Bàbá náà á dúró, torí ohun kan ń kọjá tí ẹ̀gà rí tí ọmọ ènìyàn kò rí. Bíbélì wọn wà lórí tábìlì, wọ́n sì ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú ìgò ojú tí wọ́n fi òwú so. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ògiri ni wọ́n ń kà lójoojúmọ́. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n ń wò níbẹ̀.

"Mò ń gbọ́ ohun tí Ọlọ́run sọ mọ́jú ni."

"Lára èèrà, Bàbá?"

"Ẹni tó dá èèrà kì í dákẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù ni kì í gbọ́."

Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò ìyá mi tó ń ta aṣọ ní Ìkìrun, kò fara mọ́ ìyẹn rárá. Àwọn ọdún náà ni ìjọ àdúrà tuntun ń yọ lọ́tùn-ún lósì, Àǹtí Dúpẹ́ sì ti wọ ọ̀kan, ó wọ̀ ọ́ tọkàntọkàn. Ó dé Inísà ní ọjọ́ Sátidé kan pẹ̀lú ìgò òróró àti áńkáṣíìfù funfun.

"Bàbá, ẹ̀mí ìbẹ̀rù ni. Pásítọ̀ wa ní kí n mú yín wá fún ìdáǹdè. Ọjọ́ mẹ́ta péré, a ti parí ẹ̀."

"Bí wọ́n bá lé e lọ tán ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ò ní bà yín mọ́ nìyẹn, Bàbá! Ẹ óò dà bí kìnnìún."

Bàbá Inísà ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ wọn ṣeré. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Dúpẹ́, ẹ̀rù yìí ló ń jí mi gbàdúrà láràárọ̀. Bí ẹ bá lé e lọ, ta ni yóò máa jí mi?"

Àǹtí Dúpẹ́ pòṣé títí ó fi dé ibùdókọ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rù wọ̀nyẹn, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rù omi. Ìyẹn ní orísun tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, wọ́n bá ẹ̀gbọ́n wọn lọ yẹ ìgèrè wò lódò, ìgèrè tí wọ́n fi ń mú ẹja. Òjò ti rọ̀ lókè. Ẹ̀gbọ́n wọn sọ fún wọn pé, "Dúró síbẹ̀, mò ń bọ̀." Ó wọ inú omi. Bàbá Inísà dúró síbẹ̀. Wọ́n dúró títí oòrùn fi wọ̀, torí ọmọ tó gbọ́ràn ni wọ́n, nígbà tí àwọn àgbà sì wá wọn dé etí odò, wọ́n ṣì dúró lójú kan náà.

Láti ọjọ́ náà, wọn kì í wẹ̀ lódò. Abọ́ kékeré ni wọ́n fi ń bu omi sára, bí ẹni tó ń bomi rin ata. Bí ọmọ kan bá sì sọ fún wọn pé, "Ẹ dúró, Bàbá, mò ń bọ̀," ìbáà ṣe pé iyọ̀ ló fẹ́ sáré lọ rà nítòsí, wọn á di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọn á ní:

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Sọ pé, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Ẹ wo bí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ wá kí wa ní Ìkìrun. Bí bọ́ọ̀sì bá ti ń sún mọ́ afárá, wọn á di àga iwájú mú, wọn á di ojú pinpin, ètè wọn á máa jó. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tí kọ̀ńdọ́tọ̀ kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, ẹ lajú o, a ti kọjá! Àbí kí n pọ̀n yín ni?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú fèrèsé bí ẹni pé n kò mọ̀ wọ́n rí. Bàbá la ojú kan.

"Ìwọ mọ ẹni tó po sìmẹ́ǹtì afárá yẹn?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o, Bàbá."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí mi ò mọ̀ ló gbé mi kọjá omi, o wá ní kí n má dárúkọ ẹ̀ fún Ọlọ́run?"

Kọ̀ńdọ́tọ̀ náà kò tún rẹ́rìn-ín mọ́. Ìgbà tí a dé afárá kejì, mo rí i tó yọjú wo ìsàlẹ̀.

Bàbá Ràímì ni òdìkejì wọn pátápátá. Mùsùlùmí ni, ènìyàn kúkúrú, alágídí, ẹni tó lè gbá ejò nírù mú kó sì máa bá a wí. Ìgbà èwe ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́. Oko wọn wà láàárín Inísà àti Òkukù, odò kékeré kan tó ń sàn lọ sínú Ọ̀tìn ló pààlà, tibí jẹ́ ti Bàbá Inísà, tọ̀hún jẹ́ ti Bàbá Ràímì. Ọ̀pẹ kan tó wó ni wọ́n fi ṣe afárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn kọjá odò náà: bí wọ́n bá dé oko, bí oòrùn bá dé àtàrí tí Bàbá Ràímì fẹ́ kírun àílà, àti bí wọ́n bá ń relé.

"Olóríkunkun o!" bàbá mi á ké.

"Ojo o! Èmi rè é! Ejò ò tíì gbé ọ mì?"

"Ó kù díẹ̀!"

Ìpè náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé eré àgbà ni, títí Bàbá fi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, tí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí igbó gbọ́: "Oko kì í ṣe ilé. Bí ènìyàn bá ṣubú sóko, koríko ló ń kọ́kọ́ mọ̀."

Wàyí o, ìjà wọn. Ọdún tí mo jáde ìwé mẹ́wàá ní Ìkìrun ni, tí mò ń retí èsì ìdánwò, ìyá mi sì ní kí n má jókòó lásán, kí n lọ ran Bàbá lọ́wọ́ lóko. Àrọ̀kúrò ti wọlé, ilẹ̀ rọ̀, àsìkò ebè kíkọ ti tó. Àwọn méjèèjì ló ń ṣe àáró: wọ́n á jọ kọ ebè lóko ọ̀kan, wọ́n á sì jọ kọ ọ́ lóko èkejì. Bàbá Ràímì ti ṣe ọjọ́ méjì lóko tiwa. Lọ́jọ́ kẹta, ó kan oko tiwọn. Ìyàwó wọn gúnyán láti àárọ̀.

Èmi àti Bàbá dé ẹsẹ̀ afárá. Paramọ́lẹ̀ kan ká sórí ọ̀pẹ náà, ó ń yá oòrùn. Bàbá pẹ̀yìn dà. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n." Wọ́n kọrí sílé. Ojú ń tì wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jókòó sílé, tí wọ́n ní ibà ló ń ṣe wọ́n.

Lọ́jọ́ kẹrin tí a padà sóko, Bàbá Ràímì kọjá odò wá bá wa lábẹ́ àtíbàbà.

"Wọ́n ní ibà ń ṣe ọ́. Ibà wo?"

"Kì í ṣe ibà," ni bàbá mi wí. "Ejò ni. Ó ká sórí afárá."

"Ejò." Bàbá Ràímì mi orí. "Iyán tutù, ọbẹ̀ dì, ìyàwó mi ń wo ọ̀nà títí ọrùn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. O ò lè fi ẹnu lásán pè mí? Ejò lo rí, Jékọ́bù. O ò rí mi."

Jékọ́bù ni Bàbá Ràímì pè wọ́n. Wọn ò pè wọ́n ní Ojo. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Ràímì yan bàbá mi lódì.

Ẹ̀yin náà mọ odì yíyàn wa. A kì í kí ara wa, a kì í bú ara wa, a óò máa kọjá lára ara wa bí ẹni tó ń kọjá lára ògiri. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò yéé pè. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n dé oko, wọ́n ké, "Olóríkunkun o!" Òdìkejì dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n tún ké. Nígbà tó pẹ́, a gbọ́ ọ: kó, kó. Bàbá Ràímì fi ọkọ́ kan òkúta, ẹ̀ẹ̀mejì.

Bàbá mi mí kanlẹ̀. "Ó gbọ́. Ó wà láàyè. Inú ṣì ń bí i."

Bẹ́ẹ̀ ló rí lójoojúmọ́. Bàbá á fi ẹnu pè, ọkọ́ á dáhùn. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àgbà méjì tó ti ní ọmọ-ọmọ! Bàbá kò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹni tó bínú sí ọ tó ṣì ń jẹ́ kí o mọ̀ pé òun wà, kò tíì fi ọ́ sílẹ̀."

Ọjọ́ kẹtàdínlógún odì náà ni ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wá sí. Òjò ti rọ̀ ní àná ọjọ́ náà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a dé oko, odò ti kún dé bèbè, ó pupa, ó ń gbé igi lọ, ọ̀pẹ tí a fi ṣe afárá sì ti bá a lọ. Bàbá pè. Kó, kó. Bàbá Ràímì ti gba ọ̀nà Òkukù dé. Ó dáa. A ṣiṣẹ́.

Oòrùn dé àtàrí. Bàbá pè. A kò gbọ́ nǹkan kan.

Wọ́n tún pè. Omi nìkan ló ń dún.

"Bóyá wọ́n ń kírun," mo wí.

"Ìrun kì í gùn tó báyìí."

"Inú ló ń bí wọn, Bàbá. Bóyá ọkọ́ kíkàn náà ti sú wọn."

Òkè ni Bàbá ń wò, lọ́hùn-ún, lókè eèsún tó bo bèbè òdìkejì. Àwọn lékèélékèé àkọ́kọ́ ọdún náà ti dé lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n tò sórí igi kan lóko Bàbá Ràímì, funfun báláú, wọn ò mira.

"Lékèélékèé kì í jókòó sórí igi bí ọkọ́ bá ń hú ilẹ̀," Bàbá wí. "Kòkòrò ni wọ́n ń bá ọkọ́ jẹ. Wọ́n ń dúró dè é." Ètè wọn ti funfun. "Ọkọ́ ti dúró."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ níbí, torí àwọn tó yẹ kí n sọ ọ́ fún ti lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ogún ọdún. Mo lágbára. Bí ẹnikẹ́ni bá máa wọ odò yẹn, èmi ni. Bàbá yíjú wò mí, wọ́n rí ojú mi, wọ́n rí ohun tó wà níbẹ̀, torí kò sí ẹni tó mọ ojú ẹ̀rù tó wọn. Wọn ò bẹ̀ mí. Wọ́n mú okùn tí a fi ń di igi ìdáná, wọ́n so ó mọ́ ìbàdí, wọ́n ní kí n so ìkángun kejì mọ́ ọ̀pẹ kan tó wà létí odò, kí n sì máa dì í mú. Kókó náà tú mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Eyín wọn ń lu ara wọn. Wọ́n gbàdúrà, mo sì gbọ́ gbogbo àdúrà náà:

"Olúwa, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí."

Kò sí àmín. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Dúró síbẹ̀, mò ń bọ̀."

N kò mọ̀ bóyá àwọn fúnra wọn gbọ́ ohun tí ẹnu wọn sọ.

Wọ́n wọ odò. Omi dé orúnkún, ó dé ìbàdí, ó dé àyà. Wọ́n ń sunkún, kì í ṣe omi ojú ìdákẹ́jẹ́ o, wọ́n ń ké bí ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ gbé sílẹ̀ lọ́jà. Láàárín ẹkún, wọ́n ń pè, "Olóríkunkun o!" Ní àárín odò, orí wọn rì. Okùn já mi síwájú. Orí wọn yọ. Eèsún gbà wọ́n lójú mi, n kò rí wọn mọ́.

Lẹ́yìn náà, okùn rọ̀ lọ́wọ́ mi.

Mo fà á. Ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo fà á títí ìkángun rẹ̀ fi jáde nínú omi, kò sì sí ènìyàn lẹ́nu rẹ̀.

Mo ké, "Bàbá o!" Odò gba ohùn mi. N kò lè sọ fún yín bó ti pẹ́ tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ẹ̀gà orí ọ̀pẹ náà dákẹ́, tí mo sì gbọ́ bí wọ́n ti dákẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Mo dúró síbẹ̀ bí wọ́n ti ní kí n dúró, mo rí ọmọdé kan lọ́kàn mi tó dúró létí odò mìíràn títí oòrùn fi wọ̀. Mo ní, "Ìwọ tó dá èèrà, sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, sọ̀rọ̀."

Kó, kó.

Ayọ̀ kò tíì wọ̀ mí tí ẹ̀rù mìíràn fi bò ó. Ta ni? Bàbá Ràímì ló máa ń kan ọkọ́. Bó bá jẹ́ àwọn ni wọ́n ń dáhùn, a jẹ́ pé bàbá mi ti lọ, tí mo sì ti sọ fún wọn pé inú ló ń bí ọ̀rẹ́ wọn. Mo di okùn òfìfo náà mọ́ àyà.

Kó, kó.

Ẹ̀ẹ̀mejì, ìdákẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Àwọn méjèèjì ni.

Mo sáré lọ sí títì, mo pe àwọn ènìyàn, a gba ọ̀nà Òkukù yí dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tí mo rí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí Bàbá Ràímì sọ fún mi lábẹ́ igi ọsàn nìyí. Kòtò kan wà lóko wọn, níbi tí àwọn ará ìṣáájú ti ń wa amọ̀ mọ ilé. Igbó ti bò ó. Òjò ti jẹ ẹnu rẹ̀. Wọ́n ń kọ ebè lọ, ilẹ̀ sì ya lábẹ́ wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kán. Ọkọ́ kù sókè. Omi inú kòtò dé àyà wọn, bèbè sì ń já lé wọn lórí.

"Mo gbọ́ tó pè mí," Bàbá Ràímì wí. "Mo dáhùn. Ẹnu ni mo fi dáhùn, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Mo ké, 'Ojo o! Ojo o!' Ohùn mi ò jáde kúrò nínú ihò. Mo wá ro ara mi wò. Mo ti kọ́ ọ fúnra mi pé kó má retí ohùn mi. Odò kún. Mo sì mọ Jékọ́bù. Mo ka kálímà, mo di ojú."

Wọ́n fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ tó wọ́ náà.

"Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Àgbàlagbà ọkùnrin tó ń ké bọ̀ láàárín koríko, tó ń kọsẹ̀, tó ń dìde. Mo ti gbọ́ ohùn aládùúrà, mo ti gbọ́ ti olóhùn dídùn tó ń pèrun. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó ẹkún ojo yẹn."

Okùn kò gùn dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi tú u. Wọ́n ti igi gígùn kan sínú kòtò kí ọ̀rẹ́ wọn lè dì í mú, wọ́n dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú. Ẹkún ti gba ohùn wọn tán, wọn ò lè pè mí. Bàbá Ràímì ló ní kí wọ́n fa ọkọ́ náà mọ́ra: "Kan tìrẹ, kí o sì kan tèmi."

"Lẹ́yìn náà," Bàbá Ràímì wí, "mo wo ṣòkòtò ẹ̀. Mo ní, 'Ojo, o tọ̀ sára.' Ó ní, 'Odò ló tọ̀ sí mi lára, Olóríkunkun.' A rẹ́rìn-ín títí bèbè tún fi já."

Nígbà tí ìròyìn dé Ìkìrun, Àǹtí Dúpẹ́ sáré wá, ó ń jó. "Bàbá, ẹ ti ṣẹ́gun ẹ̀mí ìbẹ̀rù! Ẹ wá jẹ́rìí nínú ìjọ wa!"

Bàbá Inísà jókòó lórí ẹní, aṣọ òtútù dé ọrùn wọn. "Mi ò ṣẹ́gun nǹkan kan, Dúpẹ́. Mo kàn gbé e dání lọ ni."

Òótọ́ sì ni. Wọn ò wọ odò mọ́ láéláé. Gbogbo ebè Bàbá Ràímì lọ́dún náà, àwọn nìkan ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n títì ni wọ́n ń gbà yí lọ, ìrìn ọ̀nà jíjìn, torí wọn ò fọkàn tán ọ̀pẹ tuntun tí a tẹ́. Ìgbà tí mo bi wọ́n bóyá Ọlọ́run gbọ́ àdúrà aláìlámín yẹn, wọ́n ní, "Ọlọ́run kì í fi ẹnu dáhùn. Bí inú bá tilẹ̀ ń bí i sí wa, á kan ọkọ́."

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, bí ọdún 1990 ti ń lọ sópin, àrùn rọpárọsẹ̀ mú Bàbá Inísà. Apá kan kú, ọ̀rọ̀ sì parẹ́ lẹ́nu wọn. Láràárọ̀ ni Bàbá Ràímì ń gun ọ̀kadà láti Òkukù, pẹ̀lú ọkọ́ àtijọ́ náà lórí itan. Wọn kì í kọ́kọ́ wọlé. Wọn á dúró níta, wọn á fi ọkọ́ kan òkúta ẹnu ọ̀nà: kó, kó. Nínú yàrá, bàbá mi á fi ṣíbí kan ife tánganran. Ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà náà ni Bàbá Ràímì á wọlé, wọn á ní, "Ojo, o ò tíì lọ?"

Mo wà níbẹ̀ ní àárọ̀ tó kẹ́yìn. Ìyá mi ti bo ojú Bàbá Inísà. A gbọ́ ọ̀kadà, a gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń tiro. Kò sí ẹni tó lè jáde lọ sọ fún wọn.

Kó, kó.

Ìyá mi bú sẹ́kún. Bàbá Ràímì gbọ́ ẹkún náà láti ìta. Wọ́n na ọwọ́ sí wa gba ojú ọ̀nà, bí ẹni tó ń bẹ àwọn ọmọdé kí wọ́n dákẹ́.

"Ẹ má tíì sunkún. Ẹ jẹ́ n tún un kàn. Bóyá inú ló ń bí i."

Wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n dúró pẹ́, wọ́n tẹ́tí, orí wọn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lórí ọ̀pẹ iwájú ilé, àwọn ẹ̀gà ń pariwo. Lẹ́yìn náà, wọ́n rọra gbé ọkọ́ náà tì sí ẹ̀gbẹ́ òkúta, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì wọlé láìpè wọ́n.

Àwọn náà ti lọ báyìí. Èmi ló kù, ọkọ́ náà sì wà lọ́dọ̀ mi ní Ìkìrun. Ojú kò tì mí mọ́ láti sọ ọ́: ẹ̀rù ń bà mí. Bí ọ̀rẹ́ mi kan bá dákẹ́ ju bó ti yẹ lọ, n kì í sọ pé inú ló ń bí i. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, létí odò kan, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn. Mo máa ń dìde lọ ni, pẹ̀lú ẹ̀rù mi lọ́wọ́.

Ìwọ tí o gbọ́ mi dé ibí yìí, mo fẹ́ bi ọ́: bí ọkọ́ tìrẹ bá dákẹ́ lọ́sàn-án òní, ta ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe inú ló ń bí ọ?